Òrùlé, Igun Ayé àti Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: Ìbéèrè Ìwà Kan láti Ìlú Douala

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni òwe yìí nígbà tí òjò bá ṣì wà lójú ọ̀run. Bí ó bá ti kan òrùlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Òrùlé a máa yan ọ̀rẹ́ fún òjò: a gba ẹnìkan lọ́wọ́ rẹ̀, a sì darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń bo ilé ń ṣe ohun tí ó ju iṣẹ́ káfíńtà lọ. Ó ń pinnu ibi tí omi yóò gbà, ìpinnu náà sì kan ọmọnìkejì rẹ̀. Ìbéèrè tí àròkọ yìí ń gbé yẹ̀wò nìyí: ta ni onílé jẹ ní gbèsè nígbà tí ó bá ń bo ilé rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ àti ire rẹ̀ nìkan ni, àbí ẹni tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀, omi tí ń já láti etí òrùlé, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà?

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìmọ̀ àtayébáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Vastu, tí ó ń fi òfin lélẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí ilé dúró láàrin àwọn igun ayé. Èdè Sanskrit ni orúkọ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'gbé ibìkan'. Varahamihira, onímọ̀ ìràwọ̀ ọ̀rúndún kẹfà, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Brihat Samhita. Àwọn onímọ̀ náà gbà pé ẹ̀dá kan dojú bolẹ̀ sábẹ́ gbogbo ilé: orí rẹ̀ wà ní igun tí àríwá àti ìlà-oòrùn ti pàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní igun tí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ti pàdé. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní olùṣọ́: Indra ní ìlà-oòrùn, Yama, ọba ikú, ní gúúsù, Varuna, olúwa omi, ní ìwọ̀-oòrùn, Kubera, olúwa ọrọ̀, ní àríwá. Níbẹ̀ ni òfin òrùlé ti jáde. Ẹrù wúwo kò yẹ orí ẹni tí ó dùbúlẹ̀. Nítorí náà, apá ẹsẹ̀ ni kí òrùlé ti ga, kí táńkì omi sì wà níbẹ̀. Apá àríwá tàbí ìlà-oòrùn ni kí ó dagun sí, kí omi òjò gba ibẹ̀ sàn lọ. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé onílé tí ó bá pa òfin yìí mọ́ yóò rí ìlera àti ọrọ̀.

Kò yẹ kí ọmọ Áfíríkà fi èyí rẹ́rìn-ín. Yorùbá náà a máa bi Ifá léèrè kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kọ̀bì sì jẹ́ àmì tí a fi ń dá ààfin mọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, láàrin àwọn Bamiléké, òrùlé koríko tí ó ga tí ó sì ní ṣóńṣó ń sọ ipò ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ilé ńlá ààfin Bandjoun jóná ní ọdún 2005, wọ́n tún un kọ́, nítorí pé ohun tí ó jóná ju igi àti koríko lọ. Ìbáramu mìíràn tún wà tí ó yani lẹ́nu. Ní agbo ilé Yorùbá àtijọ́, òrùlé mẹ́rin a máa dagun sínú àgbàlá kan, òjò a sì máa já sínú ìkòkò tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ilé tí wọ́n ń pè ní nalukettu ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: iyàrá yí àgbàlá ká, òrùlé sì ń da omi sí àárín. Àwọn méjèèjì kò jọ gbìmọ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n mọ irú ilé kan náà, ilé tí ń fi ara rẹ̀ gba púpọ̀ nínú omi ara rẹ̀.

Bí a bá gbé òfin Vastu dé Douala ńkọ́? Ìlú yìí wà létí odò Wouri, ní nǹkan bí digírì 4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 3,500 mílímítà. Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù tí kò jìnnà, ó tó nǹkan bí 10,000. Àwọn olùgbèjà Vastu lóde òní a máa ṣàlàyé pé apá àríwá ni ó tutù, nítorí pé oòrùn kì í gba ibẹ̀. Òtítọ́ ni ní Delhi, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti í bọ́ sí àríwá láéláé. Ní Douala, láti nǹkan bí òpin oṣù kẹta títí di àárín oṣù kẹsàn-án, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, lórí òkun, ni ẹ̀fúùfù sì ti ń gbé òjò àárín ọdún wá. Ẹni tí ó bá gbé òrùlé rẹ̀ ga sí apá yẹn, ògiri gíga ni ó kọ sí ìjì, afẹ́fẹ́ yóò sì máa wá ọ̀nà wọ abẹ́ páànù rẹ̀.

Ṣé òfin náà ti di asán nìyẹn? Èdè lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í wọ èdè láìyí ohùn padà. 'Páànù' tí a fi ń bo ilé, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó gba ohùn Yorùbá kí ó tó di tiwa. Òfin àyálò náà kò yàtọ̀. Ohun tí a lè yá lára Vastu ni ìbéèrè rẹ̀: níbo ni oòrùn, níbo ni ẹ̀fúùfù, níbo ni omi? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ibi tí ilé wà. Onígbàgbọ́ lè fèsì pé òfin ẹ̀sìn kò dúró lórí oòrùn tàbí òjò, pé ìgbọràn fúnra rẹ̀ ni ó ń tún ilé ṣe. Èsì yìí ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ń gbọ́ràn bá jẹ́ ẹni tí ó ń san owó ìgbọràn náà. Bí aládùúgbò bá ni ó ń san án, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀sìn, ó ti di ti ìwà.

Douala ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884, àwọn olórí Duala bá àwọn oníṣòwò Jámánì tọwọ́ bọ ìwé, wọ́n sì fi í sí i pé ilẹ̀ tí ìlú wọn wà lórí rẹ̀ yóò jẹ́ tiwọn àti ti ọmọ wọn. Láti ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan kalẹ̀ láti lé wọn kúrò létí odò, kí àlàfo kìlómítà kan wà láàrin ilé òyìnbó àti ilé ènìyàn dúdú. Ìlera ni wọ́n fi ṣe àwáwí: wọ́n ní ibà ni àwọn ń sá fún. Rudolf Duala Manga Bell kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì láti tako ètò náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n yẹgi fún òun àti Ngoso Din, akọ̀wé rẹ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀, Auguste Manga Ndumbe Bell, kọ́ ní ọdún 1905 ṣì wà ní Bonanjo. Nítorí òrùlé rẹ̀ tí ó jọ ti tẹ́ḿpìlì Ìlà-Oòrùn ayé ni wọ́n ṣe ń pè é ní La Pagode. Ètò ibi tí ó yẹ kí ilé wà lè fi èdè ìmọ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó ń ka ire ẹnìkan, kò sì ka ìpalára ẹnìkejì rárá.

Òfin ìlú gbìyànjú láti ka ẹnìkejì. Ìwé òfin Faransé ti ọdún 1804, tí apá elédè Faransé ní Kamẹrúùnù jogún, sọ ní abala 681 pé onílé gbọ́dọ̀ bo ilé rẹ̀ kí omi òjò lè já sórí ilẹ̀ tirẹ̀ tàbí sójú títì. Kò gbọ́dọ̀ dà á sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Òfin yìí dára, ó sì ju ti Vastu lọ ní ọ̀nà kan: ó rí ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n títì kì í ṣe òpin ìrìn omi. Omi tí wọ́n dà sójú títì ní ibi gíga yóò wá ọ̀nà lọ sí àfonífojì, sí irú àdúgbò bíi Makepe Missoke, níbi tí àwọn tí kò rí ilẹ̀ mìíràn rà kọ́ ilé sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àgbàrá wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Douala. Onílé orí òkè kò rú òfin kankan, bẹ́ẹ̀ ni omi òrùlé rẹ̀ wà nínú àgbàrá náà.

Àwọn kan yóò sọ pé òrùlé kan ṣoṣo kò lè fa àgbàrá, pé gọ́tà tí kò tó àti pàǹtí tí ó dí i ni ó fà á, iṣẹ́ ìjọba sì nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò tó láti wẹ onílé mọ́. Kò sí ẹ̀kán òjò kan tí ó tó àgbàrá. Síbẹ̀, inú ẹ̀kán ni àgbàrá ti wá. Àwọn mìíràn yóò bèèrè pé kí ni aláìní yóò fi ra páànù onígọ́tà tí ń gba omi létí òrùlé. Ìdáhùn ni pé bí òrùlé bá ṣe fẹ̀ tó ni gbèsè ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ó bo ilé alájà mẹ́ta tí ó sì da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀ kò lè bá ẹni tí ó ní iyàrá kan pín gbèsè náà dọ́gba. Táńkì tí Vastu fi sí igun ẹsẹ̀, irú rẹ̀ ni kí ọlọ́rọ̀ fi gba omi òjò, ní igun yòówù kí ó wà. Kí ó fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìbò, kí omi lè wọlẹ̀.

Yorùbá tún ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Gbogbo ènìyàn mọ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ìyìn fún onílé tí ó mọ ilé rẹ̀ ṣọ́. Òwe náà kò sọ ibi tí àgbàrá gbà lọ nígbà tí onílé kọ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó yà sí, onílé ti ṣọ́ ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì ṣọ́ ìlú. Kí ẹni tí ó bá ń bo ilé ní Douala, ní Èkó tàbí ní Kutọnu wo ojú ọ̀run bí ó bá fẹ́, kí ó sì bi àwọn igun ayé léèrè; lẹ́yìn náà, kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, kí ó tẹ̀lé ọ̀nà tí omi yóò gbà, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ilé tí omi náà yóò dé.