Ìtọ́jú Ẹ̀dá tí Kò Lè Dúpẹ́

Nínú ilé àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba, ìbéèrè kan a máa dìde láàárín òbí àti ọmọ. Ọmọ á ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á ní òun rí ẹranko kékeré kan ní ilé ọ̀rẹ́ òun, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní hamster. Á sì bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó gba ọ̀kan fún òun. Nígbà tí bàbá bá fi ojú kan ẹran náà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. "Ṣé eku yìí ni? Eku tí a ń dẹ pàkúté fún ní ilé wa ni kí n máa ra oúnjẹ fún?" Àwa kò dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Lójú wa, bí eku kò bá jẹ́ ẹran ọbẹ̀, a jẹ́ olè tí ń ba ẹrù jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, òun ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò: kí ni ó yẹ kí a ṣe fún ẹ̀dá kékeré tí kò lè san oore padà fún wa, tí kò tilẹ̀ lè dúpẹ́?

Kí ẹni tí kò rí hamster rí lè mọ ohun tí a ń wí, kí ó rántí òkété. Hamster kéré sí òkété púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn gbà á, ìrù rẹ̀ sì kúrú. Ṣùgbọ́n bí òkété ti ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó fi ń kó oúnjẹ lọ sí ihò, bẹ́ẹ̀ ni hamster náà ní. Ọ̀sán ni ó fi ń sùn, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Síríà, ní àyíká ìlú Aleppo, ni irú èyí tí irun rẹ̀ pọ́n bí wúrà ti wá. Ní ọdún 1930, ọ̀mọ̀wé kan láti Jerúsálẹ́mù, Israel Aharoni, mú ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú ihò ní oko kan níbẹ̀. Láti ara àwọn wọ̀nyí sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo hamster aláwọ̀ wúrà tí ń gbé inú ilé ènìyàn ní ayé ti ṣẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí: ẹran náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wú ihò rẹ̀, tí ó sì kó o jáde.

Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé kan wà tí a ti ń tọ́jú ẹran tí a kọ̀ sílẹ̀. Ajá àti ológbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n hamster pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ohun tí ó gbé e débẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. A rà á fún ọmọ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ fẹ́ bá a ṣeré ní ọ̀sán, ó ń sùn. Nígbà tí a jí i tipátipá, ó gé ọmọ jẹ. Nígbà tí ọmọ ń sùn ní òru, ó ń sáré kiri. Kí oṣù díẹ̀ tó pé, ó ti sú ọmọ. Ẹlòmíràn ra méjì, ó rò pé abo ni méjèèjì. Láìpẹ́, abo náà ti bí ọmọ púpọ̀, nítorí ọjọ́ 16 péré ni oyún rẹ̀ ń gbà. Báyìí ni ẹran tí kò ṣẹ̀ ènìyàn ṣe di ẹni ìtanù.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ eku!" Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ gbá a dànù. Ènìyàn níye lórí ju ẹran lọ. Olúwa wa fi èyí kọ́ wa nígbà tí ó sọ̀rọ̀ ológoṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ti fi hàn pé Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. Ní ọdún 1824, àwọn ọkùnrin kan péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dènà ìwà ìkà sí ẹranko, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí RSPCA lónìí. William Wilberforce wà nínú wọn, Thomas Fowell Buxton pẹ̀lú wà nínú wọn. Àwọn kan náà ni wọ́n ń gbógun ti òwò ẹrú àti oko ẹrú nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Èrò Buxton ni ó bí ìrìn-àjò Odò Ọya ti ọdún 1841, èyí tí Àjàyí Crowther tiwa bá wọn lọ. Àlùfáà Arthur Broome, akọ̀wé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà, wọ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè rẹ̀. Àwa kò fi ènìyàn wé ẹran o. Ohun tí a ń wí ni pé àánú dà bí apá àgbẹ̀, tí í le sí i bí ó ti ń ro oko. Ọwọ́ tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nà sí ẹṣin àti màlúù kò sọ wọ́n di aláìbìkítà sí ẹrú.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé inú rere nìkan tó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọmọ rí hamster tí ó dá wà, àánú ṣe é, ó ní kí a wá ẹnìkejì fún un. Ènìyàn ni ó fẹ́ràn ẹgbẹ́. Hamster aláwọ̀ wúrà tí ó ti dàgbà kò fẹ́ ẹ. Bí a bá fi méjì sínú àgò kan, wọn a jà, ìjà náà sì lè já sí ikú. Ìyá ọmọ gbá inú àgò mọ́ tónítóní, ó kó gbogbo oúnjẹ tí ẹran náà tò pamọ́ dànù. Lójú ẹran náà, a ti jà á lólè. Nígbà òtútù, ara rẹ̀ a máa tutù nígbà mìíràn, kò ní mira, mímí rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ débi pé a kò ní rí i mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ a ní ó ti kú, a gbé e lọ sin. Ẹni tí ó mọ̀ a kọ́kọ́ gbé e sí ibi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, a sì pe oníṣègùn ẹran, nítorí ó lè jẹ́ oorun òtútù lásán. Nínú ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìfẹ́ wà, ìmọ̀ ni kò sí, ẹran ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí ń fi ohun tí ó dùn mọ́ òun tìkára rẹ̀ ṣe ìwọ̀n oore, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe lóore.

Kí ni hamster ń fẹ́ nígbà náà? Àgò tí ó fẹ̀. Ìwé tí a ya wẹ́wẹ́, tí ó jìn tó fún un láti wa ihò sí. Kẹ̀kẹ́ yíyí tí kò ní àlàfo tí yóò há a lẹ́sẹ̀. Igi láti máa họ, nítorí eyín rẹ̀ kì í yé hù. Hóró ọkà, ewébẹ̀ díẹ̀, omi mímọ́ lójoojúmọ́, àti ìdákẹ́jẹ́ ní ọ̀sán. Èyí tí a gbà láti ilé ìtọ́jú ń fẹ́ sùúrù pẹ̀lú, nítorí a kò mọ irú ọwọ́ tí ó ti bọ́ sí tẹ́lẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má fọwọ́ kàn án. Kí a jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, kí a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí a gbé oúnjẹ sí ìtòsí, títí yóò fi wá fúnra rẹ̀. Ó sì lè má wá láéláé. Ẹni tí ó bá ń bu omi fún un síbẹ̀, àánú rẹ̀ kì í ṣe ti ojú ayé.

Òfin pàápàá kò fi èyí sílẹ̀. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006, tí ó wà fún England àti Wales, pa á láṣẹ pé ẹni tí ẹran wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ibùgbé àti oúnjẹ tí ó yẹ ẹ, kí ó fún un ní àyè láti máa hùwà bí irú rẹ̀, kí ó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora àti àrùn. A kò gbọdọ̀ ta ẹran fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16, alágbàtọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò sì dáhùn fún ẹran tí ó ń sìn. Nítorí náà, òbí tí ó bá gba hamster fún ọmọ ti gbà á fún ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn a béèrè pé, kí ni ó dé tí a kò kúkú tú u sílẹ̀? Inú àgò ni a bí i sí. Òtútù, ebi àti ológbò ni yóò pàdé lóde. Oko Síríà jìnnà sí i, níbẹ̀ pàápàá irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. A jẹ́wọ́ pé àgò kò lè dọ́gba pẹ̀lú pápá. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ẹni tí ó gba èyí tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ṣe dára ju ẹni tí ó ra tuntun lọ: ẹrù tí ẹlòmíràn sọ̀ kalẹ̀ ni ó gbé. Ẹrù náà kò sì pẹ́, nítorí ọdún méjì tàbí díẹ̀ sí i ni ẹ̀mí hamster mọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka èyí lè má rí hamster láéláé. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ọmọ so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀ wà ní àgbàlá yín, ewúrẹ́ tí a sọ ní òkò wà lójú ọ̀nà. Àwọn baba wa ní màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ni í bá a lé eṣinṣin. Àwa sì gbàgbọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni Olúwa sábà máa ń lò. Wọ́n tún ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀, kí a sì kọ́ wọn pé kí wọn tó gba ẹ̀mí kan sọ́wọ́, kí wọn kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀mí náà ń fẹ́.