Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ọwọ́ Tí Ó Ti Gbé Idà Rí

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Diutarónómì 20:1-4, Númérì 31:19-24, 48-50, 1 Kíróníkà 22:6-16, 2 Kọ́ríńtì 1:3-7
Ẹsẹ Àkọ́sórí: 2 Kọ́ríńtì 1:4
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ìjọ gbà ṣe sí ọmọ ogun tí ó bá wí pé Ọlọ́run pe òun láti jẹ́ àlùfáà láàrin àwọn ọmọ ogun.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè rẹ̀ ni ó ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ tí ó ti wọ aṣọ sójà rí. Ìran kan rí ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970. Ìran tí ó tẹ̀ lé e gbọ́ ìró ìbọn ní Làìbéríà láti 1990. Àwọn àbúrò wọn ti bá Boko Haram jà ní Bọ̀rnó. Bí wọ́n bá dé láyọ̀, a ó dúpẹ́ nínú ìjọ, a ó jó wá síwájú pẹpẹ, a ó sì dá ọrẹ. Lẹ́yìn èyí, a kì í bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ìyàwó wọn nìkan ni ó mọ̀ pé oorun kì í kùn wọ́n lóru.

Ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìjọ tí ènìyàn ti wá ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ìpè rẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Wàyí o, bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá dìde ní ìpàdé ìjọ, tí ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, Ọlọ́run ti pè mí. Mo fẹ́ padà sí báráàkì, kì í ṣe pẹ̀lú ìbọn mọ́, bí kò ṣe pẹ̀lú Bíbélì,” kí ni a ó wí? Díákónì kan lè rọra sọ sí èkejì létí pé ọwọ́ tí ó ti pa ènìyàn kò gbọdọ̀ bu àkàrà Olúwa. Ẹlòmíràn lè kígbe Halelúyà, kí ó sì ní kí a gbé pẹpẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ni ó yára jù.

Àlùfáà Níwájú Ogun

Iṣẹ́ àlùfáà láàrin ọmọ ogun kì í ṣe nǹkan àná. Nínú Diutarónómì 20, kí àwọn balógun tó sọ̀rọ̀ rárá, àlùfáà ni ó kọ́kọ́ súnmọ́ àwọn ènìyàn. Kò mú idà lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ fún ọkàn tí ń gbọ̀n pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè rí lónìí. Àdéhùn Geneva ti 1949 ka àlùfáà àwọn ọmọ ogun sí ẹni tí kì í jà: ọ̀tá kò gbọdọ̀ dójú ìbọn kọ ọ́, bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ wọn, a kò gbọdọ̀ kà á sí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọ́n lè dá a dúró kìkì nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó nílò rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Kírìjì, tí Ìlá wà lára Èkìtì Parapọ̀, àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń rìn láàrin àgọ́ méjèèjì ní 1886 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ṣe jagunjagun tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tí yóò dúró láàrin bá jẹ́ ẹni tí ó ti jà rí ńkọ́?

Ọkùnrin Méjì

Ìtàn àkọ́kọ́ wà nínú ilé tiwa. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ tí ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ 1850. Ohun tí a kì í sábà sọ ní ọjọ́ ìrántí ni pé sójà ni kí ó tó di oníwàásù. Ní 1836 ó bá àwọn Íńdíà Creek jà ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹni tí a ń lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Kì í ṣe ogun tí Kristẹni lè fi yangàn. Láti ibẹ̀ ó lọ jagun ní Texas. Lẹ́yìn náà ni Olúwa pè é.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 bá a ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti ń kọ́ èdè wa, nígbà tí Gezo ọba Dàhòmì kó ogun dé, tọkùnrin tobìnrin. Bowen kò sá. Ìtàn fi yé wa pé ó fún àwọn ológun Ẹ̀gbá ní ìmọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ogun. Abẹ́òkúta kò ṣubú. Ṣé ó yẹ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn kan yóò ní, “Bí ìlú bá fọ́, ta ni yóò wàásù fún?” Èmi kò ní dá baba ìjọ wa lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé sójà àtijọ́ kò tíì kú tán nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni ó sì fi kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1858.

Ìtàn kejì ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣùgbọ́n ó bá kókó wa mu jù. Edward Noel Mellish, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ogun ní Gúúsù Áfíríkà nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Boer jà. Nígbà tí ó padà sílé, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1915, ogun tún dé, ó sì lọ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní St. Eloi ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọjọ́ 27 sí 29 oṣù kẹta 1916, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin yàrà méjì lábẹ́ òjò ọta, ó ń gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́. Mẹ́wàá ni ó gbé ní ọjọ́ kìíní. Ẹni mẹ́ta kú sí i lọ́wọ́, ìbọn pa wọ́n bí ó ti ń di ọgbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi ẹgbẹ́ ogun mìíràn rọ́pò tirẹ̀, ó sì lè sinmi. Ó padà, ó sì gbé méjìlá sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó kó àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sẹ́yìn, wọ́n lọ wá àwọn tí ó kù. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, oyè tí ó ga jù lọ fún ìgboyà lójú ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ tí ó ti bá ìbọn rìn rí ni ó ń fi sáré, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsin yìí.

Kí Ni Ìwé Mímọ́ Wí?

Àwọn tí kò fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò ṣí 1 Kíróníkà 22 fún wa. Òótọ́ ni, Ọlọ́run kò jẹ́ kí Dáfídì kọ́ tẹ́ḿpìlì nítorí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka orí náà tán. Dáfídì kan náà ni ó kó wúrà, fàdákà, igi àti òkúta jọ. Ọlọ́run dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ kan. Kò lé e kúrò níwájú rẹ̀, kò sì gba dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí àwọn tí ń yára sì ka Númérì 31. Orí tí ó le ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ń ba ènìyàn lẹ́rù. Kí olùkọ́ má ṣe fò ó. Àwọn tí ó pa ènìyàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ibùdó fún ọjọ́ méje, kí wọ́n fọ aṣọ wọn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ṣẹ́gun, síbẹ̀ a kò fi ìlù gbé wọn wọlé tààrà. Ó tún yani lẹ́nu pé àwọn olórí ogun kà àwọn ènìyàn wọn, kò dín ẹnì kan, síbẹ̀ wọ́n mú ọrẹ wúrà wá láti ṣe ètùtù fún ọkàn ara wọn. Ta ni ó fi ẹ̀sùn kàn wọ́n? Kò sí. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn tí ìṣẹ́gun kò lè fọ̀.

Àwa kò ní ọjọ́ méje yìí mọ́ ní ìjọ wa. Ìdúpẹ́ nìkan ni a ní. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń ru ẹrù náà kiri lábẹ́ agbádá ìdúpẹ́. Ẹni tí Jésù ti bá sọ ẹrù yìí kalẹ̀, tí ó sunkún, tí ó jẹ́wọ́, tí ó sì rí ìtùnú, ni Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹsẹ àkọ́sórí wa. Ìgboyà rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rí ìpè rẹ̀. Ìtùnú tí ó rí gbà ni. Bí ọmọ ọdún méjìlélógún kan bá jókòó ní báráàkì tí kò lè gbàdúrà nítorí ojú ẹni tí ó pa, àlùfáà tí ó mọ ìwé nìkan lè ka Sáàmù fún un. Èyí tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá lè dákẹ́ tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Fún Ìjíròrò

Kí olùkọ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti jagun nínú kíláàsì láti sọ̀rọ̀, kí ó má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Bí ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bá dìde nínú ìjọ wa, kí ni ẹ ó bi í kí ẹ tó jẹ́rìí sí i? Ta ni nínú wa ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo àkókò tí a ń dúró? Ta sì ni ó ti ogun dé sí àdúgbò yín, tí ẹ kò tíì bi léèrè bí ó ti ń sùn?