Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Akéwì márùn-ún ni wá, orí fóònù la ti mọra. Ó pé ọdún méjì tí a ti ń ka ewì fún ara wa, a ò fojú kanra rí. Wọ́n wá fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́ta n'Íbàdàn, kí kálukú mú olólùfẹ́ rẹ̀ dání. Ilé wa ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ni wọn óò kọ́kọ́ yà sí.

Àyà mi ń já. Ewì tí mo kọ nípa ikú bàbá mi, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kà á. Ọ̀rẹ́bìnrin mi ò mọ̀ pé mo kọ ọ́. Ó rọrùn láti sọ fún wọn torí pé wọn ò rí omijé mi. Ṣé mi ò ti ṣẹ̀ ẹ́ báyìí?

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ewì ò kan olólùfẹ́. Mi ò gbà. Lọ́dún 1962 tí Dúró Ládiípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àmọ́ etí Yorùbá gbọ́ ọ bíi 'bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀.' Rírí ló ṣáájú ayọ̀. Nínú Ọba Kò So, Abíọ́dún aya rẹ̀ ló ṣe Ọya. Kò jókòó sílé de ọkọ.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo olólùfẹ́ ló ń ṣeré. Ìṣirò owó ni tèmi ń kọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ẹnu àlejò ni yóò ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Kí wọ́n tó dé, èmi fúnra mi ni n óò ka ewì náà fún un, lójúkojú. Bí omijé bá bọ́, kó bọ́.