Ìlú tí Iṣẹ́ Gbé Wa Lọ: Ilé ni tàbí Ibùwọ̀?

Nígbà tí ìwé iṣẹ́ bá dé ọwọ́ ọmọ wa kan, ayọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gba inú ilé. Lẹ́yìn ayọ̀ náà ni a óò wá wo orúkọ ìlú tí a kọ sínú ìwé. Bí olùkọ́ tàbí agbẹ̀bí kan bá ti Àjàṣẹ́ lọ síṣẹ́ ní Natitingou, ọ̀nà tí yóò rìn ju kìlómítà 500 lọ. Bí ó bá jẹ́ Malanville, létí odò Ọya, ó ju 700 lọ. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, àsíá kan náà ni. Síbẹ̀ ìgbà òjò ibẹ̀ kì í ṣe méjì lọ́dún bí ti ọ̀dọ̀ wa, ẹyọ kan ni. Ọyẹ́ ibẹ̀ sì le ju tiwa lọ. Ní ọjà Natitingou, èdè Ditammari àti Waama ni àlejò náà yóò máa gbọ́, kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n ń kí òun àti ìgbà tí wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ ìlú tí iṣẹ́ gbé e lọ? Ṣé iṣẹ́ tí a ń sanwó rẹ̀ nìkan ni, tàbí ó kù?

1. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fúnni

Àwọn kan yóò wí pé: «Mo ṣe iṣẹ́ mi, mo gba owó mi, ó tán. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.» Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo ìdáhùn yìí. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ ní bàbá àti ìyá tí ó ń tọ́jú, gẹ́gẹ́ bí òfin kẹrin Ọlọ́run ti pa á láṣẹ. Ó ní àbúrò tí ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní Kétu, tí kò sì lè fi í sílẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó yan ìlú náà, wọ́n yàn án fún un ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń gbé. Yàrá tí ó gbà, kò tún un ṣe, nítorí kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò tú u. Aládùúgbò rẹ̀, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì dé, ó ti wọ ọkọ̀. Ọjọ́ Ajé dé, a kò tíì rí i. Ọdún kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́jọ. Owó oṣù rẹ̀ ti kọ́ ilé sí abúlé bàbá rẹ̀, ilé títì pa tí aláǹgbá ń gbé. Òun alára sì wà nínú yàrá tí kò fẹ́ràn. Ọdún mẹ́jọ kọjá nínú ayé rẹ̀, kò sì gbé e níbì kankan.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó pàdánù. Àwọn ọmọdé jókòó ní kíláàsì, wọn kò rí olùkọ́. Aboyún dé ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí ti re ilé. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò fọ́lé, kò jalè. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó mú lọ, ti ẹlòmíràn ni.

2. Lẹ́tà Wòlíì Jeremáyà

Nínú ìwé Wòlíì Jeremáyà, orí 28 àti 29, a rí àwọn tí ìpọ́njú wọn ju ti òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Ogun ni ó kó wọn láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì. Wòlíì èké kan, Hananáyà, kéde pé kí ọdún 2 tó pé, gbogbo wọn yóò padà. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn náà pé ọdún 70 ni. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú náà, nítorí àlàáfíà ibẹ̀ ni tiwọn yóò wà.

Ẹ kíyèsí i: Jeremáyà kò ní kí wọ́n gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti ṣèlérí ìpadàbọ̀ fún wọn. Ìrètí ilé kò dí ilé kíkọ́ lọ́wọ́. Bí a bá lè béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tí a fi ìdè mú lọ, mélòó mélòó ni ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé iṣẹ́?

Òwe àwọn àgbà kò parọ́, onílé yóò re ilé. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí ó má gbé ayé rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ibi tí ayé bá bá ni ni a ti ń jẹ ẹ́. Ìtàn wa sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ Kétu dó ti wá. Bí wọ́n bá ti di ẹrù wọn sílẹ̀ títí, tí wọ́n ń retí ọjọ́ ìpadà, ta ni ì bá máa jẹ́ ọmọ Kétu lónìí?

3. Gbèsè tí ó wà lọ́rùn àlejò

Àkọ́kọ́ ni ìkíni. Kò dìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ èdè tán. Kí ó kọ́ ìkíni òwúrọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọpẹ́, ó ti fi hàn pé òun rí ènìyàn níwájú òun.

Èkejì ni ọ̀wọ̀. Àlejò a máa pe ibi tí kò mọ̀ ní ìgbẹ́. Ní agbègbè Boukombé, tí kò jìnnà sí Natitingou, àwọn Batammariba ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà méjì tí ó dàbí ilé olódi. UNESCO kọ ilẹ̀ wọn, Koutammakou, sínú ìwé ogún àgbáyé: apá ti Tógò ní ọdún 2004, apá ti Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2023. Ẹni tí ó bá àwọn ọ̀gá mọlémọlé bẹ́ẹ̀ gbé, tí ó ní òun kò rí nǹkan kan, ojú tirẹ̀ ni kò ríran.

Ẹ̀kẹta ni wíwà níbẹ̀: kí ó wà ní ìsìnkú aládùúgbò, kí ó wà níbi ìkómọ, kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ní ti ọkọ àti aya tí iṣẹ́ yà sọ́tọ̀, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí iye ọdún tí yóò jẹ́ àti bí wọn yóò ṣe máa rí ara wọn. Ìyapa tí ẹnikẹ́ni kò pinnu ni ó ń tú ilé ká.

4. Gbèsè tí ó wà lọ́rùn onílé

Àwa náà ní tiwa. Nígbà tí olùkọ́ kan bá ti Kandi wá sí Kétu tàbí Ṣábẹ, ta ni ó kọ́kọ́ kí i? Èló ni a bù lé owó yàrá rẹ̀ nítorí pé kò gbọ́ èdè wa? Bí ó bá lo ọdún mẹ́wàá láàrin wa, tí a ṣì ń pè é ní àjèjì, kí a má bi í pé kí ló dé tí kò tú ẹrù rẹ̀. Àwa ni a kò fún un ní ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí.

Olúwa wa Jésù, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ìlú àwọn baba ńlá rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì bí i sí. Ṣùgbọ́n Násárẹ́tì, níbi tí Jósẹ́fù Mímọ́ ti tẹ̀dó lẹ́yìn Íjíbítì, tí ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀, ni gbogbo ayé fi ń pè é. Ibi tí ó gbé, tí ó ti dàgbà, tí ó sì ti ṣiṣẹ́, ni ó fún un ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa nínú ìdílé:

— Ta ni aládùúgbò wa tí ó ti ìlú mìíràn wá, tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀?

— Ọmọ wa tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ṣé owó nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí a ń béèrè bí ó ṣe ń gbé?

— Níbi tí èmi alára wà lónìí, kí ni mo ti sún síwájú di ọjọ́ tí n óò padà sílé?