Ṣé Ẹni Tí Ó Dárúkọ Àìlera Ni Ó Pè É Wá?

  Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdílé sínú ìwé ìròyìn wa yìí, mo sì ń sá fún un, nítorí pé èyí tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò dùn ún sọ níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, níbi tí a ti ń mu tíì lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù kan ní nọ́sìrì ọmọ òun, òun kò sì ní fọwọ́ sí i, nítorí pé òun kò lè fi ọwọ́ ara òun gba àìlera fún ọmọ òun. Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ ní ọdún 2014 gan-an nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn wa ni mò ń sọ. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 3, kò tíì pe ìyá rẹ̀ ní màmá rí. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní yíjú. Yóò kó gbogbo ṣíbí ilé ìdáná jáde, yóò tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ tábìlì, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ọ̀kan ṣoṣo nípò, yóò figbe ta títí àwọn tó wà lókè wa yóò fi máa kan ilẹ̀ gbà-gbà-gbà. Tíṣà rẹ̀ pè wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní autism, kí a jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ ọmọ náà wò. Ìyàwó mi ti mú bírò. Èmi ni mo gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe ìpín wa. A kò gbà á." Mo sì rò pé ìgbàgbọ́ ni mo fi hàn.

Ọdún méjì ni a fi gbé bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń lọ sí ọjà East Street, a kì í mú un dání. Ìjọ náà di pé kí ọ̀kan nínú wa wá, kí èkejì dúró tì í nílé. Ìyá mi a máa pè láti Ìbàdàn, wọn a ní, "Ọmọ mi kékeré ńkọ́? Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Èmi a ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, mà."

Mi ò ní fi ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ní gbòǹgbò. Àwa Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ní agbára. A ní orúkọ a máa ro ọmọ. A kì í pe ejò ní ejò lóru, okùn ni a ń pè é. Ṣànpọ̀nná pàápàá, àwọn baba wa kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí, tàbí Olóde. Èyí ni mo fi ń gbe ara mi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rí i pé mi ò lóye àwọn baba wa tó. Bí àgbàlagbà bá wí pé ilẹ̀ gbóná ní ilé lágbájá, ta ni ní àdúgbò tí kò mọ ohun tó ń sọ? Wọ́n fi ọ̀wọ̀ yí orúkọ padà ni, wọn kò ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó sì ní òun rí okùn lóru, ọ̀pá ló ń wá kiri. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera máa lé ṣànpọ̀nná lọ, ṣe ni wọ́n ń wá a láti ilé dé ilé, kí wọ́n lè gún àwọn tó yí aláìsàn ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti fi tirẹ̀ pamọ́, ì bá ṣì wà níbẹ̀. (Mi ò fi ọmọ mi wé ṣànpọ̀nná o, ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni mo ń bá bọ̀.)

Ohun tó ṣí mi lójú kò tóbi. Màmá kan nínú ìjọ wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn, wá kí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ń lo oògùn mi lọ́wọ́.

"Kí lò ń lò yẹn, ọmọ mi?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà."

"Ta ló sọ pé o ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Dókítà ni, mà."

"O sì gbà?"

Mo dákẹ́. Wọ́n wo ọmọ náà níbi tó ti ń to ṣíbí, wọ́n ní, "Tìrẹ, o gbà á. Ti ọmọ ni o kọ̀."

Mi ò rí oorun sùn ní ọjọ́ náà. Alaalẹ́ ni mo ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ yẹn, tí mo sì ń kígbe pé, "Mi ò gbà ọ́!" Autism ni mò ń bá wí lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n orí ta ni ọwọ́ mi wà? Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń fi àwòrán bèèrè nǹkan, a wá mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ ju bí a ti rò lọ, ẹnu ni kò gbé e. Nígbà náà, kí ni ó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ fún ọdún méjì? Mo ṣì ń bi ara mi.

A fọwọ́ sí i ní ọdún 2016. Nígbà tí a ń dúró de ìdáhùn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé, tí mo wá rí i pé ìtòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó jẹ́ kí ayé mọ ohun tí mò ń sá fún. Dókítà Lorna Wing, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ náà ní autism, wà lára àwọn òbí tó dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí National Autistic Society sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1979 òun àti Judith Gould tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ Camberwell, Camberwell yìí kan náà tí bọ́ọ̀sì 12 ń gbà kọjá láti Walworth Road lọ sí Peckham. Kí iṣẹ́ irú wọn tó fìdí múlẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló fa á. Bruno Bettelheim kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967, irọ́ sì ni. Àṣé òyìnbó náà ní ìyá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́! Nítorí àwọn ẹbí tèmi náà bi ìyàwó mi bóyá ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń sọ pé ìwé ìjọba kò lè pani lára. Ní ọdún 1971 Bernard Coard, tíṣà kan láti Grenada, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ West Indies ní London lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò tó, nígbà tó jẹ́ pé ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni kò tọ́. Orúkọ tí kò bá ọmọ mu lè ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òbí jókòó ti ìwé náà, kí ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì bá wọn jiyàn lórí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sá kúrò nínú yàrá kò lè jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ẹni tó bá wúlò fún. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, òbí fúnra rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí kánsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò fún ìwé ètò tí wọ́n ń pè ní EHC plan. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti dáhùn bóyá wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀sẹ̀ 20 sì ni gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pe ẹjọ́. Ìwé náà lè bá ọmọ dé ọdún 25 bí ó bá ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ sínú físà yín pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, ètò ẹ̀kọ́ yìí kò sí lára owó náà. Owó DLA ló wà lára rẹ̀. Ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó bèèrè fún un.

Mo ṣì ń gbàdúrà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó lè sọ ibi tó ń dùn ún, nítorí ní ọdún kan eyín ń pa á lára fún ọjọ́ mẹ́rin kí a tó mọ̀. Ó ti pé ọdún 14 báyìí. Mi ò mọ ẹni tí yóò máa mọ̀ bí èmi àti ìyá rẹ̀ kò bá sí mọ́, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí ìwé náà, mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn, mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?" Mo ní dòdò ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ máa dín in fún un."

Gbogbo èyí ni mo sọ fún arákùnrin náà nídìí tíì. Ó gbọ́, kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá bírò dúdú ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn fi kọ ọ́, àbí búlúù náà dára.