Ìsinmi Olùkọ́ àti Owó Ìwádìí: Ta Ni Yóò Jíhìn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni ní iṣẹ́ ni à á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ tí a rán ni ni owó ìwádìí, kì í ṣe ẹ̀bùn. Òfin ọdún 2011 ni ó dá TETFund sílẹ̀, inú owó-orí tí a bù lára èrè àwọn ilé-iṣẹ́ sì ni owó rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, ará ìlú ni ó rán olùkọ́. Bí ìsinmi ọlọ́dún kan olùkọ́ bá wá pé nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, ta ni yóò jẹ́ ẹ?

Kò sí ẹni tí yóò bá olùkọ́ du ìsinmi. Harvard ní Amẹ́ríkà ti ń fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú rẹ̀ láti ọdún 1880, inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó bí Sábáàtì ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Ṣùgbọ́n nínú òfin Mósè, bí ilẹ̀ bá ń sinmi ní ọdún keje, àwọn tálákà a máa jẹ ohun tí ó bá hù níbẹ̀. Oko ń sinmi, ẹnu kò sinmi.

Ẹ wo olùkọ́ tí ó gba owó láti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ó ṣèlérí fún wọn pé òun yóò dá ohùn wọn padà fún àwọn ọmọ wọn, òun kò sì ní tà á. Wọ́n gbà, wọ́n sun ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó gba yunifásítì mìíràn lọ. Olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo ni ó kù. Akápò kò lè san owó ọkọ̀ fún un, nítorí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé kò sí nílé. Bí ìyá àgbà kan bá kú lóṣù náà, ẹkún rẹ̀ bá a wọlẹ̀.

Àwọn kan ní ìwé ti tó. Lóòótọ́, ó yẹ kí olùkọ́ kọ̀wé sí ẹni tí ó fún un lówó kí ó tó lọ, kí ó yan adelé, kí ó sì ṣírò gbogbo kọ́bọ̀ tí ó ti ná. Ṣùgbọ́n ìwé lè gbé àṣẹ fún adelé, kò lè gbé ìlérí fún un. Ojú olùkọ́ ni ìyá àgbà mọ̀, kò mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Olùkọ́ ní láti mú adelé lọ bá a, kí ìyá náà tún sọ bóyá òun gbà. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Èyí tí ó burú jù ni fífi iṣẹ́ lé ọmọdé lọ́wọ́ láìfi àṣẹ kún un. Ọmọdé ń rìn, orúkọ ọ̀gá ni ó ṣíwájú nínú àbọ̀ ìwádìí. Bí owó bá dín, ọmọdé ni wọ́n ń wò. Bí ìsinmi bá jẹ́ oṣù díẹ̀, tí ọ̀gá sì ń wá wo iṣẹ́, kí ó di ipò rẹ̀ mú. Bí ó bá jẹ́ ọdún kan gbáko ní ọ̀nà jíjìn, kí ó gbé ipò náà fún ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí òun di olùgbani-nímọ̀ràn. Yóò dùn ún, nítorí òun ni ó kọ ìwé ìtọrọ owó. Síbẹ̀, ẹkún ìyàwó ni ó kọ sínú ìwé náà, àwọn ìyá tí ó mọ̀ ọ́n sun kò sì pọ̀ mọ́.