Ta Ni Yóò San Owó Ilé-Èrò?

Bíbélì Kíkà: Lúùkù 10:25–37, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–6, 2 Kọ́ríńtì 8:16–21

  

Kò sí ẹni tó dàgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kò mọ ìtàn ará Samáríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ṣe eré rí lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ bí ẹni tí olè lù. Àlùfáà á kọjá, ọmọ Léfì á kọjá, ará Samáríà á wá gbé e dìde, àwọn ìyá ìjọ á pàtẹ́wọ́, eré á sì parí. Ṣùgbọ́n Jésù kò parí ìtàn yẹn sí ojú ọ̀nà. Ó mú wa dé ilé-èrò. Inú ilé-èrò yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo ní bá yín sọ wà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ 34 àti 35 dáadáa. Ará Samáríà da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́, ó sì dì í. Ó gbé ọkùnrin náà lé ẹran tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn, ó gbé e dé ilé-èrò, ó sì tọ́jú rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ owó idẹ méjì fún olùtọ́jú ilé-èrò. Bí a bá ka Mátíù orí 20, a ó rí i pé owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ lébìrà fún ọjọ́ kan. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló fi sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ṣèlérí pé bí ìnáwó bá lé sí i, òun á san án nígbà tí òun bá gba ibẹ̀ padà.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ìrànlọ́wọ́ ojú ẹsẹ̀, ilé-èrò, àti ìpadàbọ̀. Èyí àkọ́kọ́ la fẹ́ràn jù. Òun la máa ń ṣe ní fẹ́lóṣíìpù: ká kó ìrẹsì, Indomie, ọṣẹ àti aṣọ jọ, ká háyà bọ́ọ̀sì, ká lọ pín in, ká gbàdúrà, ká padà sílé. Ó dára, Ọlọ́run rí i. Ṣùgbọ́n bí ará Samáríà bá di ọgbẹ́ yẹn tán tó sì fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì lè má mọ́ bá a láàyè. Ilé-èrò ló jẹ́ kí àánú rẹ̀ di ìyè.

Kí ló kàn wá nínú èyí? A ń kàwé ní Jos. Láti ọdún 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ti sá kúrò nílé wọn ní Borno, Adamawa àti Yobe. Àwọn kan nínú wọn wá sí ìlú yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ogun náà dé Kwarhi lẹ́bàá Mubi, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ìjọ EYN wà, ìjọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí ọmọbìnrin Chibok ń lọ. Jos ni ìjọ yẹn gbé ọ́fíìsì rẹ̀ wá kí wọ́n tó tún padà sílé. Ìpínlẹ̀ Plateau fúnra rẹ̀ náà kò sì sinmi. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2023, wọ́n kọlu àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, àwọn tó yè é sì di ẹni tó ń sun inú ilé ẹ̀kọ́ àti inú ilé ìjọsìn.

Yorùbá ń pe irú wọn ní ogunléndé. Orúkọ yẹn sọ ohun tó lé ènìyàn wá. Kò sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò sọ kíláàsì tó wà kó tó sá. Ilé-èrò tòótọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń bi í ní ìyókù.

Ilé-èrò ti òde òní ni àwọn àjọ aláàánú tí kì í wá èrè. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ará Samáríà lówó, ó lẹ́ran tó ń gùn, ó láàánú, síbẹ̀ kò lè dá ṣe é. Ó ní ìrìn-àjò níwájú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní lẹ́kíṣọ̀ àti ìdánwò. Ó nílò ẹni tó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í dùn ún yà ní fọ́tò: kíkọ orúkọ ọmọ tó dé láìsí òbí, bíbéèrè abúlé tó ti wá, wíwá ẹbí rẹ̀ káàkiri, owó oṣù olùkọ́, oògùn, omi, owó ọlọ́dẹ òru. Àjọ Red Cross ní òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá àwọn ẹbí tí ogun tú ká kàn, kí wọ́n sì bá wọn mú lẹ́tà lọ mú lẹ́tà bọ̀. Wọ́n lè wá ènìyàn kan fún ọdún púpọ̀.

Àwọn kan rò pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò jẹ mọ́ ti ẹ̀mí, pé kí ìjọ gbájú mọ́ àdúrà. Ẹ jẹ́ ká ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì kò rí oúnjẹ wọn gbà bó ṣe yẹ nígbà ìpín ojoojúmọ́, ìkùnsínú sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò dá àwọn tó ń kùn lẹ́bi. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tó lórúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ẹ kíyè sí i: kí ènìyàn tó lè pín oúnjẹ fún opó, wọ́n béèrè Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún ka orúkọ àwọn méje náà. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Àfi bí ẹni pé ìjọ fi àpò oúnjẹ lé àwọn tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ká tó ra nǹkan lọ sí ibùdó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ohun tí wọ́n nílò.

Àwa tí à ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá, a jẹ gbèsè ilé-èrò kan. Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣóògùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Nígbà tó di 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Ṣé ẹ rí i pé ìgbàlà ojú ẹsẹ̀ nìyẹn? Bó bá parí síbẹ̀, ọmọ òrukàn kan ni ì bá jẹ́ ní etí òkun ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ní olùkọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, òun Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn ogunléndé Ẹ̀gbá fúnra wọn tẹ̀dó. Àwọn tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ Sàró nígbà yẹn kò mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́. Ọmọ tó ń jókòó lórí ẹní ní ibùdó lónìí, ta ló mọ èdè tí yóò fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé lọ́wọ́?

Mo fẹ́ sọ èyí tó le díẹ̀ báyìí. Wọ́n ti bi mí ní fẹ́lóṣíìpù pé, ṣé kì í ṣe àwọn tiwa nìkan ló yẹ ká ràn lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń sun ilé ìjọsìn wa? Mi ò fojú kéré ìbéèrè yẹn. Àwọn tó sin ẹbí wọn wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí amòfin bi Jésù gan-an nìyẹn: ta ni aládùúgbò mi? Jésù yí i padà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní kó sọ ẹni tó ṣe bí aládùúgbò fún ẹni tí wọ́n lù. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ará Samáríà, ẹni tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀.

Agbẹjọ́rò kan wà ní Maiduguri, Zannah Mustapha. Mùsùlùmí ni. Ní 2007 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn, ọmọ 36 ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun dé tí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń tì pa, tirẹ̀ kò tì. Ọmọ ẹni tí Boko Haram pa ń kàwé níbẹ̀, ọmọ àwọn Boko Haram tó kú náà ń kàwé níbẹ̀, nínú kíláàsì kan náà. Ó wà lára àwọn tó bá wọn dúnàádúrà tí ọmọbìnrin Chibok 82 fi gba ìtúsílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ UNHCR fún un ní ẹ̀bùn Nansen. Mi ò mú un wá láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Mo mú un wá nítorí pé Jésù ló kọ́kọ́ lo irú àpẹẹrẹ yìí, tó fi ẹni tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kò rò han wọ́n, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Gálátíà 6:10 sọ̀rọ̀ nípa agbo ilé ìgbàgbọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ẹsẹ̀ yẹn kọ́kọ́ dárúkọ.

Ó ku ìpadàbọ̀. Nígbà kan tí a lọ sí ibùdó kan, tí a ń kó àwọn agbada wa sínú bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ dì mí ní apá aṣọ mú. Ó bi mí ní èdè Hausa pé: “Yaushe za ku dawo?” Ìgbà wo lẹ máa padà wá? Kò béèrè ohun tí a máa mú wá. Ọjọ́ ló béèrè. Ó ti rí àlejò púpọ̀. Nígbà tí a dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tò fún fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Fóònù wa máa ń lóṣòó ti oore nígbà mìíràn. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ ni ará Samáríà fi sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Ìpadàbọ̀ náà ni ìṣirò. Ẹni tó máa san ìyókù gbọ́dọ̀ wo ohun tí wọ́n ná. Pọ́ọ̀lù kó owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò sì dá gbé e. Nínú 2 Kọ́ríńtì orí 8 ó rán àwọn arákùnrin tí ìjọ yàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn lórí owó náà. Ìwà ọmọlúàbí níwájú Ọlọ́run àti níwájú ènìyàn nìyẹn. Àwọn kan ń fi orúkọ ọmọ òrukàn jẹun ní ilẹ̀ wa, nítorí náà ẹni tó béèrè rísíìtì kò ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mo rọ̀ wá láti ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí fẹ́lóṣíìpù wa yan ilé-èrò kan ṣoṣo, dípò ká máa lọ sí ibi tuntun ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà. Kí a tó yàn án, ká béèrè: ṣé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Ṣé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì? Ṣé wọ́n ń wá ẹbí àwọn ọmọ, àbí wọ́n kàn ń kó wọn jọ? Èkejì, kí a máa dáwó lóṣooṣù fún ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sanwó rẹ̀. Bí ogójì nínú wa bá ń dá ₦500, ₦20,000 ni lóṣù. Kò lè gbọ́ bùkátà ilé náà, ṣùgbọ́n ó lè kún owó olùkọ́. Owó idẹ méjì náà kò pọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a dá ọjọ́ tí a óò padà, kí a sì padà lọ́jọ́ náà, bí a tilẹ̀ mú ọwọ́ lásán lọ. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò àṣejáde, kó fa iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó tó lọ.

Jésù fúnra rẹ̀ bá wa lójú ọ̀nà, ó di ọgbẹ́ wa, ó san ohun tí a kò lè san, ó sì sọ pé òun ń padà bọ̀. Ẹni tó ń retí irú Olúwa bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí ọmọdé á máa retí títí tí kò ní í rí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, rántí gbogbo ọmọ tí ogun gbé kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Fún àwọn olùtọ́jú ilé-èrò lágbára, kí ó má rẹ̀ wọ́n. Fún wa ní ọkàn tó ń fúnni àti ẹsẹ̀ tó ń padà. Mú àwọn ogunléndé dé ilé wọn ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.